Ọ̀gá, Jọ̀wọ́ Ọmọ Iṣẹ́ Rẹ fún Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣẹ́ iná mànàmáná nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ iṣẹ́ a máa lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́dọ̀ ọ̀gá kí ó tó gba òmìnira. Yóò mọ bí a ti í gbẹ́ ògiri, bí a ti í fa wáyà gba inú páìpù, àti bí a ti í so ṣọ́kẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá bi í léèrè ìdí tí a fi ń fa wáyà 1.5 sí gílóòbù tí a sì ń fa 2.5 sí ṣọ́kẹ́ẹ̀tì, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó ní: bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá òun ti ń ṣe é.

Ìdáhùn yìí tó nígbà tí ilé kan kò ní ju gílóòbù mẹ́rin àti rédíò kan lọ. Lónìí ńkọ́? Bí kẹ́tùlù tí ó ń jẹ wáàtì 2,000, áyọ́ọ̀nù tí ó ń jẹ 1,000 àti ẹ̀rọ amúlétutù tí ó ń jẹ 1,500 bá wà lórí wáyà kan náà, wáàtì 4,500 nìyẹn. Fi fólítì 230 pín in, ó sún mọ́ áńpù 20. Ìṣirò yìí kò gba ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò fa wáyà 1.5 síbẹ̀, yóò tún fi fíúsì tí ó ju agbára wáyà lọ sí i. Wáyà náà yóò máa gbóná nínú ògiri láìsí ẹni tí ó rí i, títí di òru ọjọ́ kan. Àwọn tí ó sùn sínú ilé náà kò tilẹ̀ mọ orúkọ ẹni tí ó fa iná wọn.

Ní Jámánì, níbi tí òfin ọdún 1969 ti ṣètò ìkọ́ṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ a máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, yóò sì lo àwọn ọjọ́ yòókù lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ní Nàìjíríà, àjọ NABTEB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1992, ń ṣe ìdánwò fún irú iṣẹ́ wọ̀nyí. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ọ̀gá tí yóò jọ̀wọ́ ọmọ iṣẹ́.

Ẹ̀rù ń ba ọ̀gá pé bí ọmọ bá gba ìwé ẹ̀rí tán, yóò sá lọ. Ṣé ẹni tí ó gba òmìnira kì í lọ tẹ́lẹ̀ ni? Òmíràn ní iṣẹ́ yóò dúró. Ọ̀gá tí ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án Jimọ́ láti lọ kírun mọ̀ pé iṣẹ́ kì í bàjẹ́ nítorí wákàtí méjì. Bí ọmọ iṣẹ́ bá jẹ́ méjì, ọ̀kan lè lọ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èkejì ní Ọjọ́bọ̀.

Ẹ̀bi tiẹ̀ wà lọ́rùn àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì pẹ̀lú. Èyí tí ó pọ̀ nínú wọn ṣètò ẹ̀kọ́ fún ọmọ tí ń wọ aṣọ ilé ìwé láti àárọ̀, bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó ti ń di páláyà mú kí ó tó wá. Ẹni tí ó fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹfà, tí òyìnbó kò sì yọ̀ lẹ́nu rẹ̀, nílò olùkọ́ tí yóò fi Yorùbá là á yé e ní ìrọ̀lẹ́.

Àmánà ni ọmọ tí òbí fà lé ọ̀gá lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣe àdéhùn, kí wọ́n kọ ọjọ́ ilé ẹ̀kọ́ sínú ìwé náà, kí wọ́n sì kọ iye tí òbí yóò san àti iye tí ọ̀gá yóò fi kún un.