Ibi Tí Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ Ń Parí Sí, Ẹ Jẹ́ Kó Máa Parí Síbẹ̀

Àwọn kan nínú àwọn agbẹjọ́rò ẹlẹgbẹ́ mi ń fẹ́ kí wọ́n tún ìwé òfin ilẹ̀ wa ṣe, kí ẹjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ lè máa dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Àbújá. Bó ṣe rí lónìí, Industrial Court ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn a gbé e lọ sí Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ibẹ̀ ló sì ń parí sí. Àwọn agbanisíṣẹ́ ni èmi máa ń gbẹjọ́ rò fún, ní Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gan-an. Ẹni tó bá mọ iye tí lọ́yà ń gbà lórí ẹjọ́ tó bá dé Àbújá á rò pé èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ sí àbá yìí. N ò fara mọ́ ọn rárá, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò bí mo bá sọ fún wọn pé àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ni oníbàárà mi. Ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa bi mí níbi ìkómọ kan, lójú gbogbo ènìyàn, pé, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo máa ń bá wọn lé àwọn ọmọ wa lẹ́nu iṣẹ́?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo jókòó tì wọ́n, mo ṣàlàyé pé báǹkì àti ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì wà lára àwọn agbanisíṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá tó dá ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ ní Àpáta, tó gba tíṣà díẹ̀ síbẹ̀, agbanisíṣẹ́ lòun náà. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ní Mọ́kọ́lá, tó ní àwọn ọmọkùnrin tó ń pò ó lóru, agbanisíṣẹ́ ni. Bí òṣìṣẹ́ wọn bá pè wọ́n lẹ́jọ́, àwọn náà ń fẹ́ ẹni tí yóò bá wọn wí tẹnu wọn, torí òfin kò sọ pé ẹni tó ni ilé iṣẹ́ ni yóò máa jẹ̀bi ní gbogbo ìgbà. Ìyá náà gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, máa bá wọn sọ òótọ́." Òótọ́ tí mo ń bá wọn sọ ló bí ohun tí mo ń kọ yìí.

Iṣẹ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kò jọ èyí tí ẹ máa ń wò nínú fíìmù. Kò sí ẹlẹ́rìí tí à ń da ìbéèrè bò, kò sí lọ́yà tó ń na ìka sójú ẹnikẹ́ni. Adájọ́ mẹ́ta ló sábà máa ń jókòó. Àlàyé wa ti wà lórí ìwé kí á tó dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, a ó dìde, a ó sọ pé ìwé tí a kọ la dúró lé, wọ́n lè bi wá ní ìbéèrè kan tàbí méjì, a ó sì jókòó. Inú àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ni gbogbo iṣẹ́ náà wà, ìyẹn ìdì ìwé tí wọ́n kó jọ láti kóòtù àkọ́kọ́: lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, kúẹ́rì, lẹ́tà ìdádúró, ohun tí ẹlẹ́rìí sọ, ìdájọ́. Ohun tí kò bá sí nínú rẹ̀, a ò lè ti ibòmíràn mú un wá, àfi bí kóòtù bá fún wa láyè, wọn kì í sì í fún ni bọ̀rọ̀. Èmi a máa ka àwọn lẹ́tà ṣáájú ẹ̀rí ẹnu. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ tí mo ti rí, orí tábìlì akọ̀wé ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti jẹ̀bi rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan kóòtù.

Alájì kan wà tó ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe korobá àti abọ́ oníke. Ó lé ọkùnrin kan tó ń bá a darí ẹ̀rọ, ó ní ó jí ẹrù. Ọkùnrin náà pe ẹjọ́, ó sì jàre. Alájì gbé ìdì ìwé náà wá bá mi ní ọ́fíìsì mi ní Dùgbẹ̀, ó ní, "Ìyáàfin Lọ́yà, ẹ bá mi gbé e lọ sókè. Bí wọ́n bá tún já mi kulẹ̀ níbẹ̀, Àbújá yá. Owó kọ́ ni wàhálà."

"Alájì, ẹjọ́ yìí ò lọ́nà Àbújá. Kóòtù tó kàn yìí ló máa parí sí."

Inú rẹ̀ kò dùn. Mo ní kó fi ìwé náà sílẹ̀ fún mi. Nígbà tó padà wá, mo ti fi bébà pélébé sí ojú ewé méjì. Mo ṣí ti àkọ́kọ́ hàn án: lẹ́tà tó fi lé ọkùnrin náà, ọjọ́ Ajé ni wọ́n kọ ọ́. Mo ṣí ìkejì: kúẹ́rì, tó ní kí ọkùnrin náà wá ṣàlàyé bí ẹrù ṣe sọnù. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n kọ ìyẹn. Ẹnì kan náà ló buwọ́ lu méjèèjì.

"Alájì, ẹ ti lé e tán kí ẹ tó bi í léèrè."

Ó ṣí ìwé náà síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. "Ṣùgbọ́n ó jí i, Lọ́yà. Ẹ gbà mí gbọ́, ó jí i."

Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ̀sùn olè lé òṣìṣẹ́ lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kọ́kọ́ wí tẹnu rẹ̀, n ò sì mọ adájọ́ tí yóò rí déètì méjì yẹn kó tún gbè sẹ́yìn wa. Bí òfin bá gbà á láyè láti dé Àbújá, Alájì ì bá lọ. Ìbínú ì bá gbé e débẹ̀, lọ́yà mìíràn ì bá sì gba owó rẹ̀. Nítorí pé kò sí Àbújá níwájú, ó rò ó lálẹ́, ó ní kí n pe lọ́yà ẹnìkejì. A jókòó, a dúnàá dúrà, a fẹnu kò sí iye kan, ó sì san án kí oṣù tó parí. Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àwọn méjèèjì kò ṣọ̀rẹ́, àmọ́ ẹjọ́ tán, ọkùnrin náà sì rí owó rẹ̀ gbà nígbà tí owó náà ṣì níye lórí.

Ó yẹ kí á mọ bí òfin ṣe dé ibi tó dé. Ọdún 1976 ni òfin ìjọba ológun dá Industrial Court sílẹ̀, nítorí ìjà láàárín ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́. Òfin ọdún 2006 fún un lágbára sí i. Ní oṣù kẹta ọdún 2011, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin 1999, èyí tó gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ lé kóòtù náà nìkan lọ́wọ́. Abala 243 inú ìwé òfin yẹn ló sọ pé lórí ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, ibi tí Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bá fẹnu sọ ni abẹ gé. Fún ọdún mélòó kan, a ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá a lè gbé ẹjọ́ kúrò ní Industrial Court rárá, àyàfi tó bá kan ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn; ẹ̀ka Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan ń sọ pé a lè ṣe é, òmíràn ń sọ pé rárá. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà ọdún 2017 ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ yanjú rẹ̀ nínú ẹjọ́ Skye Bank àti Iwu: a lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ohunkóhun, bí Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bá ti yọ̀ǹda, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni yóò parí sí.

Àwọn tó fẹ́ kí ọ̀nà Àbújá ṣí ní ẹ̀rí tó lágbára lọ́wọ́, n ò ní fojú di í. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ló dá àwọn olùkọ́ Yunifásítì Èkó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 1985 nínú ẹjọ́ Olaniyan, tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ òfin tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹjọ́ Longe àti First Bank tún le ju ìyẹn lọ. Ọdún 2002 ni ìgbìmọ̀ olùdarí báǹkì náà yọ ọ̀gá àgbà wọn ní ìpàdé tí wọn kò pè é sí. Kóòtù àkọ́kọ́ dá a lẹ́bi, Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a lẹ́bi, ọdún 2010 ló tó jàre ní Àbújá. Bí ọ̀nà bá ti dí nígbà náà, kò ní jàre láéláé. Òótọ́ nìyẹn, ó sì ń dùn mí bí mo bá rò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún mẹ́jọ yẹn. Ọ̀gá àgbà báǹkì lè dúró fún ọdún mẹ́jọ. Ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ oníke kò lè dúró. Tí wọ́n bá ṣí ọ̀nà náà, ẹni tó lówó ni yóò máa gbà á, ìyẹn àwọn oníbàárà mi, wọn yóò sì máa gbà á kí ó lè rẹ ẹnìkejì. Bákan náà, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ nígbà yẹn ní ẹjọ́ oríṣiríṣi níwájú. Adájọ́ Industrial Court lónìí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ. Bó bá sì jẹ́ pé ìtumọ̀ ìwé òfin ilẹ̀ wa ló di àríyànjiyàn, abala 295 gba Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láyè láti fi ìbéèrè yẹn nìkan ránṣẹ́ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ọ̀nà yẹn gan-an ni ẹjọ́ Skye Bank gbà dé ibẹ̀.

Ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kì í sábà sọ fún oníbàárà wọn ni pé ìfàgùn ẹjọ́ ń pa agbanisíṣẹ́ náà lára. Bí òṣìṣẹ́ yunifásítì tàbí àjọ ìjọba kan bá jàre, tó sì jẹ́ pé òfin ló dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀, kóòtù lè ní kí wọ́n dá a padà kí wọ́n sì san gbogbo owó oṣù tó ti wà nílẹ̀. Oṣù kọ̀ọ̀kan tí ẹjọ́ fi falẹ̀ ń wọlé sí gbèsè yẹn. Wọ́n sì ti fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀, tí òun náà ń gba owó. Owó ènìyàn méjì ni wọ́n ń san lórí iṣẹ́ ẹnì kan, owó aráàlú sì ni. Ní ilé iṣẹ́ aládàáni, ọ̀rọ̀ náà tún yàtọ̀. Òfin Iṣẹ́ ní kí wọ́n fún òṣìṣẹ́ tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìkìlọ̀ oṣù kan, òye àtijọ́ sì ni pé owó oṣù kan yẹn náà ni yóò gbà bí wọ́n bá lé e láìkìlọ̀. Mo ti rí ìdì ìwé ńláńlá tó dá lórí owó oṣù kan. Industrial Court ti ń fún àwọn ènìyàn ní owó tó ju ìyẹn lọ báyìí, wọ́n ń tọ́ka sí ìlànà iṣẹ́ tó gbámúṣé káàkiri àgbáyé, tí àtúnṣe 2011 fún wọn láyè láti wò. Mo ti ta ko díẹ̀ nínú rẹ̀ ní kóòtù, n óò sì tún ta kò ó, torí ẹni tó ní búrẹ́dì ní Mọ́kọ́lá yẹ kó lè mọ iye tí yóò san kó tó gba ènìyàn síṣẹ́.

Ìṣòro tó wà nílẹ̀ gan-an ni ọjọ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Láti ìgbà tí a bá ti fi ìwé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sílẹ̀, rẹjísítárà ní 60 ọjọ́ láti kó àkọsílẹ̀ jọ. Bí kò bá ṣe é, ẹni tó pe ẹjọ́ ní 30 ọjọ́ láti ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹni náà ní 45 ọjọ́ láti kọ àlàyé rẹ̀, ẹnìkejì ní 30 ọjọ́ láti fèsì, 14 ọjọ́ sì wà fún èsì sí èsì. Ìwé òfin ní kí ìdájọ́ jáde láàárín 90 ọjọ́ lẹ́yìn tí àwọn lọ́yà bá sọ̀rọ̀ tán. Gbogbo rẹ̀ kò tó oṣù mẹ́sàn-án. Ibo ni ọdún tó kù wá ń lọ? Ọ̀dọ̀ ìdúró de ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ ni. A ti kọ ìwé wa tán, ẹnìkejì ti kọ tirẹ̀ tán, a sì jókòó.

Àwọn olóṣèlú kì í jókòó bẹ́ẹ̀. Abala 285 fún tìríbúnà ní 180 ọjọ́ láti parí ẹjọ́ ìbò, ó sì fún kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 60 ọjọ́. Adájọ́ ń sáré nítorí rẹ̀, wọ́n sì ń bá a. Bí a bá lè wá ọjọ́ fún ẹni tó ń du ìjókòó ilé ìgbìmọ̀, ẹ wá ọjọ́ fún ẹni tó ń du owó oṣù rẹ̀, kí ẹ sì wá a fún ọ̀gá tó ń fẹ́ mọ gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀.

Ohun tí mò ń bèèrè nìyí: kí Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ya àwọn adájọ́ kan sọ́tọ̀ fún ẹjọ́ òṣìṣẹ́, kí wọ́n máa jókòó ní ọjọ́ tí gbogbo wa mọ̀. Níbi tí ẹ̀ka méjì bá ti sọ ohun tó takora, kí adájọ́ márùn-ún jókòó dípò mẹ́ta, kí wọ́n yanjú rẹ̀. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹjọ́ tí ìwé rẹ̀ bá ti pé kò gbọdọ̀ ju oṣù mélòó kan lọ kó tó ní ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Àtúnṣe ìwé òfin tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wá yóò gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin méjèèjì ní Àbújá, yóò tún gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ 24. Abala 248 fún Ààrẹ Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lágbára láti ṣe òfin tó ń darí iṣẹ́ kóòtù rẹ̀. Èyí tí mò ń wí yìí, ìbuwọ́lù ẹnì kan ṣoṣo yẹn ló kù.