Àyẹ̀wò tó lè tú àṣírí kókó inú ẹ̀dọ̀: Kí ìjọba gbé e sún mọ́ mẹ̀kúnnù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ rí lórílẹ̀-èdè wa. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in kì í mọ̀ títí ikùn yóò fi wú, tí ojú yóò sì pọ́n bíi ti oníbà apọ́njú. Nígbà tí wọn yóò bá fi dé ilé ìwòsàn, ohun tí dókítà lè ṣe kì í pọ̀ mọ́.

Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, bí mẹ́jọ ló ní kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B lára. Kòkòrò yìí wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ jù lọ. Májèlé inú ẹ̀pà àti àgbàdo tó bu nítorí pé wọn kò gbẹ dáadáa tún ń dá kún un. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àgbẹ̀ tó wà lóko gẹ́gẹ́ bó ṣe kan ẹni tó ń gbé ìgboro.

Àyẹ̀wò síkáànù kì í ṣe àjèjì sí wa mọ́, nítorí àwọn aboyún ń ṣe é káàkiri. Ẹ̀rọ náà ń rán ìró tí etí kò lè gbọ́ wọnú ara, ó sì ń fi gbohùngbohùn tó bá padà wá ya àwòrán. Kò ní ìtànṣán bíi ti X-ray. Àmọ́ ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó lè fi hàn pé kókó wà nínú ẹ̀dọ̀, kó má sì lè sọ bóyá èyí tí kò léwu ni tàbí jẹjẹrẹ.

Lọ́dún 1968, àwọn oníṣègùn méjì ní Amẹ́ríkà, Gramiak àti Shah, jábọ̀ pé bí ìfófó tíntìntín bá wà nínú ohun tí a fa sínú ẹ̀jẹ̀, àwòrán ọkàn máa ń mọ́lẹ̀ sí i. Láti ibẹ̀ ni ọgbọ́n náà ti gbòòrò. Lónìí, afẹ́fẹ́ tí a fi ọ̀rá tàbí èròjà purotéènì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ni wọ́n ń fà sí iṣan apá. Ó kéré débi pé ó ń gba ibi tí hóró ẹ̀jẹ̀ pupa ń gbà kọjá. Bí ìgbà tí a so ṣaworo mọ́ ẹsẹ̀ ọmọdé ló rí: ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá gbà, ẹ̀rọ yóò gbọ́ ọ.

Dókítà yóò máa wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń wọ kókó náà àti bó ṣe ń jáde. Kókó iṣan ẹ̀jẹ̀ tí kò léwu sábà máa ń kún díẹ̀díẹ̀ láti etí wá sí àárín. Jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ̀dọ̀ sábà máa ń tètè gba ẹ̀jẹ̀, kó tó ṣá ṣáájú ẹ̀dọ̀ tó yí i ká. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, afẹ́fẹ́ náà yóò bá èémí jáde. Kì í gba inú kíndìnrín, ìyẹn ló fi dára fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ní ìṣòro.

Wọ́n tún ń lò ó láti wo ọkàn, àti láti mọ̀ bóyá ìtọ̀ ń padà sí kíndìnrín ọmọdé. Lọ́dún 2012, àjọ tó ń gba àwọn ilé ìwòsàn ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn fọwọ́ sí i fún àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ẹ̀dọ̀ àgbà àti ọmọdé lọ́dún 2016.

A kò sọ pé kò ní àléébù. Lọ́dún 2007, Amẹ́ríkà kìlọ̀ gidigidi nítorí àwọn kan tí ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró wọn daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gbà á. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ibi tí ìtọ́jú pàjáwìrì wà ló yẹ kí wọ́n ti máa ṣe é. Bí wọ́n bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá àrùn ti tàn ká ara, àyẹ̀wò CT tàbí MRI kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀.

Èrò tiwa ni pé ẹ̀rọ síkáànù tó lè ṣe iṣẹ́ yìí kò wọ́n tó ẹ̀rọ CT tàbí MRI. Kí ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní bí wọ́n ṣe ń lò ó, nítorí ẹ̀rọ láìsí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n lò, òfo ni. Kí NAFDAC má fàyè gba ayédèrú oògùn. Òfin ọdún 2022 ti sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Kí owó àyẹ̀wò yìí wà lára ohun tí ètò náà yóò san, kí mẹ̀kúnnù má baà ta ilẹ̀ nítorí àyẹ̀wò.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa náà, ẹ má dúró de ìjọba. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún àrùn mẹ́dọ̀wú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tuntun gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ẹ má jẹ ẹ̀pà tó ti bu. Ẹni tó bá sì ní àrùn náà, kó máa ṣe síkáànù ẹ̀dọ̀ lásìkò tí dókítà bá dá fún un. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.