Ẹ̀ẹ̀rùn Ni Ìgbà Àtúnṣe Òrùlé

Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ariwo kan náà ni a máa ń gbọ́ láàrin àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a gba yàrá síta ọgbà: "Ilé wa ń jò o!" Ẹnì kan á gbé bàsíà sílẹ̀, ẹnì kejì á fa bẹ́ẹ̀dì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹnì kẹta á máa sá ìwé sóòrùn lọ́jọ́ kejì. Ìgbà náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ pe kápẹ́ńtà, kápẹ́ńtà á sì ní òun ò lè gun òrùlé tó tutù. Òótọ́ ló sọ. Èrò tiwa ni pé ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà àtúnṣe òrùlé, ọdọọdún ló sì yẹ kí a máa ṣe é.

Àwọn baba wa mọ èyí. Koríko àti ewé ni wọ́n fi ń bolé, wọ́n sì mọ̀ pé kì í pẹ́ gbó. Ní Ọ̀yọ́, ọdún gidi ni wọ́n fi ń ṣe: ọdún Bẹẹrẹ, tí wọ́n máa ń kó koríko bẹẹrẹ wá fún òrùlé ààfin. Samuel Johnson sọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ẹni tí kì í ṣe ọba náà ní ọ̀wẹ̀: ọkọ ìyàwó á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n á lọ bá àna rẹ̀ bolé.

Páànù dé, ó sì tàn wá. Ẹ tiẹ̀ wo ọ̀rọ̀ ìṣe tí a ń lò: koríko, a fi ń bo ilé, páànù, ńṣe ni a ń kàn án. Ohun tí a bá fi bo nǹkan, a mọ̀ pé yóò gbó. Ohun tí a bá kàn mọ́ igi, a máa ń rò pé ó parí nìyẹn. Kò parí. Oòrùn ọ̀sán ń mú kí páànù fẹ̀, òtútù òru ń mú un súnkì, ìṣó tó dì í mú á sì máa tú díẹ̀díẹ̀. Rọ́bà abẹ́ orí ìṣó á gan, á là. Ewé máńgòrò á dí ibi tí omi ń gbà, páànù á dógùn-ún. Ẹni tó wá so díìṣì tẹlifíṣọ̀n mọ́ òrùlé á lu ihò, á gba owó rẹ̀, á sì máa lọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn ló rọrùn jù láti rí gbogbo èyí. Kí kápẹ́ńtà wọ inú àjà lọ́sàn-án gangan, kó pa tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ bí ìràwọ̀, ihò ni. Kó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ó di àlọ́ àpamọ̀, torí omi lè wọlé níbì kan, kó gba ara igi rìn, kó tó wá kán síbòmíràn. Ìṣó tó ti tú, kó yọ ọ́, kó fi èyí tó nípọn jù ú lọ, tó ní rọ́bà tuntun, rọ́pò rẹ̀. Ibi tó ga lára páànù ni kó kàn án sí, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń ṣàn gbà. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ìṣó kan tí a fojú fò ló ń di igi tó rà, àjà tó já lulẹ̀, àti wáyà iná tí omi wọ̀. Wáyà yìí ló ń bà wá lẹ́rù jù, torí ó lè gba ẹ̀mí.

Àwọn kan á ní: "Ilé onílé ni, owó ilé la san." Lóòótọ́, lanlọ́ọ̀dù ló ni òrùlé, òun ló sì yẹ kó tún un ṣe. Ṣùgbọ́n tiwa ni ìwé, kọ̀ǹpútà àti ẹ̀mí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lanlọ́ọ̀dù tí kì í gbé ilé náà ò lè gbọ́ bí omi ṣe ń kán. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ayálégbé jọ lọ bá a ní oṣù kìíní, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pẹ̀lú fọ́tò. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ san owó ilé ni etí rẹ̀ máa ń ṣí jù. Bó bá ní kò sówó lọ́wọ́ òun, ẹ dá owó jọ kí ẹ ṣe é, kó sì yọ ọ́ nínú owó ilé. Ṣùgbọ́n kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, tí ẹ ti ń kọ́lé tí ẹ fi ń gba akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ya owó òrùlé sọ́tọ̀ nínú owó tí ẹ bá gbà. Ẹ̀yin náà ti gbé bàsíà sílẹ̀ rí. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, ẹ rán kápẹ́ńtà lọ wo òkè.