Ẹni Tó Ra Ẹ̀rọ Ìṣirò Ló Ni Ín

“Bí ẹ bá tú u, gàráńtì ti bàjẹ́ nìyẹn.” Gbólóhùn yìí làwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fi ń dẹ́rù ba ẹni tó ti san owó ọjà tán, àwọn òǹkọ̀wé kan sì ń tún un sọ bí ẹni pé òfin ìjọba ni. Ẹ̀rọ ìṣirò tó ń ya gíráàfù, èyí tí Texas Instruments ń tà fún ọmọléèwé Amẹ́ríkà, tó láti tú àṣírí rẹ̀. Nínú TI-85 tó jáde ní 1992, capacitor kékeré kan tó ń gba iná sínú, tó tún ń tú u sílẹ̀, wà lára ohun tó ń pinnu bí Z80, ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ṣe máa yára tó: nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn ọmọ tí ọwọ́ wọn dá ṣáṣá tú ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n jó capacitor náà kúrò, wọ́n fi èyí tó kéré sí i rọ́pò. Èyí tó kéré tètè ń kún, ó tètè ń ṣófo, ni eré bá le sí i. Gíráàfù tó ń wọ́ bí ìgbín wá ń yára jáde. Ta ni wọ́n jà lólè? Ẹni tó rà á ló ni ín.

Àwọn tó ń takò ó ní yóò máa jẹ bátìrì. Òótọ́ ni, ẹni tó ń ra bátìrì ọ̀hún ló sì kàn. Wọ́n ní ojú ẹ̀rọ lè má bá eré náà mu, pé ó lè kọ̀ láti bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀ lórí wáyà. Ó ń ṣẹlẹ̀, ẹni tó ni ín náà ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ìdánwò ńkọ́? Eré kì í kọ ìdáhùn sínú ẹ̀rọ. Ọmọ tí kò mọ ìṣirò yóò kàn tètè gba òdo ni. Ní 2004, ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbé TI-84 Plus jáde, Z80 náà ló wà nínú rẹ̀, eré rẹ̀ sì ti di mílíọ̀nù 15. Bí ilé-iṣẹ́ bá mú un yára, ìlọsíwájú ni. Bí ọmọléèwé bá ṣe é, ìbàjẹ́ ni. Ẹ kú ọgbọ́n o!

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì mọ sórí capacitor. Ní 2009, nígbà táwọn kan fi ìṣirò já kọ́kọ́rọ́ bíìtì 512 tó ti TI-83 Plus, ẹ̀rọ ìṣirò mìíràn tí Texas Instruments ṣe, pa, lẹ́tà lọ́yà ni ilé-iṣẹ́ náà fi dá àwọn tó ń tàn án ká lóhùn, títí Electronic Frontier Foundation, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ẹni lórí ẹ̀rọ, fi dìde gbèjà àwọn kan nínú wọn. Ohun kan náà làwọn tó ń ṣe katakata ń fojú àgbẹ̀ Amẹ́ríkà rí: ẹ fowó yín rà á, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kàn án. Ní 2023, ìpínlẹ̀ Colorado fòfin dé e, ó ní kí wọ́n fún àgbẹ̀ ní irinṣẹ́ àti ìwé tí yóò fi tún tirẹ̀ ṣe. Ẹni tó ra ẹ̀rọ ìṣirò kò kéré sí ẹni tó ra katakata. Kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìṣirò tẹ àwòrán bí iná ṣe ń rìn nínú ẹ̀rọ náà sínú ìwé tó bá a wá nínú páálí, kí wọ́n sì fi ẹni tó ni ẹ̀rọ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀.