Ka Omi Kí O Tó Ka Ẹja

Láti Ọ̀yọ́ títí dé Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́, irọ́ kan wà tó ti jẹ owó ìfẹ̀yìntì ọ̀pọ̀ ènìyàn. Irọ́ náà kúrú, ó sì dùn ún gbọ́: "Ẹja àrọ̀ kò nílò omi tó mọ́. Inú ẹrọ̀fọ̀ ló ń gbé." Ẹni tó ń ta ọmọ ẹja ń sọ ọ́. Ẹni tó ń ta oúnjẹ ẹja ń sọ ọ́. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ wa láti fi ọjọ́ kan ṣoṣo kọ́ wa ní ọ̀sìn ẹja náà ń sọ ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá wá mọ́, tí a bá ẹja lójú omi, tí ikùn wọn kọ sókè, wọn á ní ọmọ ẹja ni kò dára, tàbí oúnjẹ ni ayédèrú, tàbí ayé ló ṣe é. Èmi sọ pé omi ni. Mo sì sọ pé àwa tí a ni ẹja la pa wọ́n.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé èmi náà ti pa tèmi rí. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń bu omi kún pọ́ǹdù mi, tí mò ń pè é ní ìtọ́jú. Ẹja kò jẹun mọ́, wọ́n ń nàró lójú omi bí ọ̀pá, mo sì ń wá oògùn kiri.

Ẹ jẹ́ kí a fún irọ́ náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, nítorí òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àrọ̀ ní ẹ̀yà kan nínú orí, tó pẹ̀ka bí igi kékeré, èyí tó fi ń gba afẹ́fẹ́ lójú omi. Ìdí nìyẹn tó fi lè gbé nínú àbàtà tí ẹja mìíràn yóò ti kú sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà yẹn kàn ń gbà á lọ́wọ́ àìrí afẹ́fẹ́ ni. Kò lè gbà á lọ́wọ́ májèlé. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí ara ẹja ń gba ibi tó fi ń mí nínú omi jáde. Amóníà ni wọ́n ń pè é, ohun kan náà tó máa ń ta wá nímú nínú ilé adìyẹ tí a kò kó ìgbẹ́ rẹ̀. Bí amóníà bá ti pọ̀ jù nínú omi, ti inú ẹja kò ráyè jáde mọ́. Àrọ̀ tó wà nínú àbàtà odò Ọbà, ẹja mélòó ló ń bá a pín omi? Èyí tó wà lẹ́yìn ilé wa ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò tí àwọn olùkọ́ ọlọ́jọ́ kan kì í ṣe fún wa. Pọ́ǹdù oníbúlọ́ọ̀kù tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 3, tí omi inú rẹ̀ sì jìn ní mítà 1, omi 12,000 lítà ló ń gbà. Inú rẹ̀ ni ẹlòmíràn ń kó 1,000 ẹja sí. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti wọn ìdajì kílò, tí a sì ń fún wọn ní oúnjẹ tó jẹ́ ìdá 3 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn, kílò 15 ni lójúmọ́: àpò kan gbáko. Bí purotéènì inú oúnjẹ náà bá jẹ́ ìdá 40 nínú 100, náítírójìn tó wà nínú àpò yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan. Bí nǹkan bá tilẹ̀ dára, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni ẹja yóò sọ di ẹran ara. Ìyókù, ó tó 600 gráàmù, inú omi kan náà ló ń padà sí. Lọ́la, òmíràn á tún dé bá a.

Ẹni tó bá ní òun ń bu omi kún un, ẹ bá mi bi í pé ibo ni ti àtẹ̀yìnwá gbà lọ. Oòrùn ń gbé omi lọ, ó ń fi ìdọ̀tí sílẹ̀. Bíbu omi kún pọ́ǹdù láìda ti ìsàlẹ̀ nù kò yàtọ̀ sí bíbu omi kún ọbẹ̀ tó ti kan. Bí omi náà bá sì ti di aláwọ̀ ewé, ọ̀rọ̀ tún burú sí i lọ́sàn-án, nítorí pH rẹ̀ ń gòkè. Bó bá kúrò ní 7 tó di 8, májèlé tó wà nínú ìwọ̀n amóníà kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá.

Àwọn kan á wá já oògùn apakòkòrò oníhóró sínú omi. Oògùn kò lè kó ìgbẹ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń bá wa sọ amóníà di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀, oògùn náà lè pa wọ́n pẹ̀lú. Èyí tó bá kù sára ẹja, ẹni tó ra ẹja lọ sè ni yóò jẹ ẹ́.

Ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní discus, tó wá láti agbègbè odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ó rí pẹrẹsẹ bí àwo, àwọ̀ rẹ̀ sì dára. Kò sẹ́ni tó ń sìn ín fún ọbẹ̀. Inú táǹkì onídígí ni wọ́n ń fi í sí ní pálọ̀. Síbẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n sìn ń mú kí omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ń fa ìgbẹ́ kúrò nísàlẹ̀, wọ́n sì ń pààrọ̀ apá kan omi náà lọ́pọ̀ ìgbà lọ́sẹ̀. Àwọn mìíràn ń ṣe é lójoojúmọ́. Ẹni tó ń fi ẹja wo ìran ń pààrọ̀ omi. Àwa tí a fi tiwa san owó ilé ìwé ọmọ, a ní kò nílò rẹ̀.

Mo mọ èsì tí ẹ óò fún mi: omi wọ́n. Òótọ́ ni. Orí àpáta ni Ọ̀yọ́ àti Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́ wà, ọ̀pọ̀ kànga wa sì ń gbẹ kí òjò tó dé. Ìdá kan nínú mẹ́ta pọ́ǹdù tí mo ṣírò lẹ́ẹ̀kan, 4,000 lítà ni, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì 160 tó ń gba lítà 25. Ta ni yóò fa kẹ́ẹ̀gì 160 nínú kànga ní oṣù Kẹta, tí yóò tún fà á ní ọjọ́ kẹta sí i? Ṣùgbọ́n èsì yín yìí gan-an ni ẹjọ́ mi. Bí omi bá wọ́n, ẹja ló yẹ kí a dín kù, kì í ṣe omi. Ẹni tí kànga rẹ̀ kò lè fún ní ju kẹ́ẹ̀gì 50 lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ní 1,000 ẹja. 300 ló ní, ìyókù òkú ni kò tíì léfòó. Ọ̀ọ́dúnrún tó yè, tó sanra, sàn ju ẹgbẹ̀rún tí a sin sẹ́yìnkùlé lọ.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò le. Ìsàlẹ̀ ni kí a ti da omi nù, nítorí ibẹ̀ ni ìgbẹ́ sùn sí. Kí a má da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ara ẹja má baà gbọ̀n. Kí a má bu omi tí oòrùn ti sè nínú táǹkì dúdú lé wọn lórí ní ọ̀sán gangan. Omi ẹ̀rọ ìjọba tó bá ní kulorínì, kí a jẹ́ kó sinmi níta fún ọjọ́ kan. Kí a pààrọ̀ omi tán kí a tó fún wọn lóúnjẹ. Èyí tí a dà nù, ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń fẹ́ ẹ; kànga aládùúgbò kò fẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ mi tó kù, ẹ̀yin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ń yá wa lówó ọ̀sìn ẹja ni mo ní in fún. Ẹ ń béèrè onídùúró méjì, ẹ ń béèrè fọ́tò, ẹ ń béèrè iye ẹja tí a fẹ́ rà. Ẹnìkan kì í béèrè kànga. Láti òní lọ, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní owó ẹja nígbà òjò. Ẹ jẹ́ kó di oṣù Kẹta, kí ẹ dé ilé rẹ̀, kí ẹ ju korobá sínú kànga rẹ̀, kí ẹ ka iye ìgbà tí yóò bu omi jáde kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹrẹ̀. Iye yẹn ni kí ẹ fi ṣírò ẹja tí ẹ óò yá a lówó fún. Bí kò bá sì bu ju ẹrẹ̀ lọ, ẹ bá a rà ewúrẹ́.