Orúkọ tí ó wà ní ìdí ọ̀bẹ

Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ni mo gbé wá lónìí, kì í ṣe ọ̀bẹ ìdáná o, bí kò ṣe ọ̀bẹ àpò, èyí tí a ń ká ojú rẹ̀ bọ inú èèkù.

Nígbà tí bàbá mi fi ayé sílẹ̀, ohun tí ó kàn mí nínú ogún rẹ̀ kò pọ̀: ìwé díẹ̀, wàláà kan tí ó ti dán fún ìlò ọ̀pọ̀ ọdún, àti ọ̀bẹ àpò kan tí kò gùn ju ìka àárín lọ bí a bá ká a. Ìwo ẹran ni èèkù rẹ̀, irin rẹ̀ sì ti ṣú dúdú bí ìdí ìkòkò. Òun ni bàbá fi ń gé gègé fún àwa ọmọ kéwú nínú ilé wa ní Kàdúná, òun náà ni ó fi ń bó ọsàn lẹ́yìn ìrun Aláásárì. Mo wò ó, ojú tì mí pé ogún bàbá mi dúdú tó báyìí. Mo ra sáńpépà, mo bu kẹ́rọ́sìnnì, mo sì fi ọjọ́ Àbámẹ́ta kan gbáko ha á títí ó fi ń kọ mànà bí ṣíbí tuntun. Inú mi dùn. Ìyàwó mi pàápàá yìn mí.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan, tí ó lọ kàwé ní ìlú òyìnbó tí ó sì ti ibẹ̀ kó ìfẹ́ ọ̀bẹ bọ̀ bí ẹni kó ibà, gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ mi. Ó ṣí i. Kò tilẹ̀ wo ẹnu rẹ̀. Ìdí irin, níbi tí ó ti wọ inú èèkù, ni ó gbé sún mọ́ ojú. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Alfa, ta ni ó ha orúkọ rẹ̀ dànù?" Lẹ́tà mẹ́ta péré ni ó kù níbẹ̀: E, L, D. Ìrù Sheffield ni. Orúkọ ẹni tí ó rọ ọ̀bẹ náà, tí ó yẹ kí ó wà lókè rẹ̀, ti bá sáńpépà mi lọ.

Sheffield jẹ́ ìlú kan ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òkìkí rẹ̀ ti kàn nídìí ọ̀bẹ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 1624 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fi òfin dá ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ tí ń rọ ọ̀bẹ sílẹ̀ níbẹ̀. Lára iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni pé kí wọ́n kọ àmì oníkálukú sínú ìwé, kí ẹnì kan má baà lu àmì ẹlòmíràn sára iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ilà ojú ti rí láyé àtijọ́ ni àmì yìí rí: ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà yóò mọ ilé tí ọ̀bẹ ti jáde. Bí a bá rí V àti R pẹ̀lú adé láàárín wọn, ayé Ọbabìnrin Victoria, tí ó wàjà ní 1901, ni a ó kọ́kọ́ rò. Bí a bá rí orúkọ orílẹ̀-èdè lára rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ lẹ́yìn 1890, nítorí pé ọdún náà ni Amẹ́ríkà ṣe òfin pé ọjà tí ó bá ti òkèèrè wọlé gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ó ti wá. Àwọn Case ti ìpínlẹ̀ Pennsylvania tilẹ̀ gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1970 wọ́n fi àmì tóótòòtó mẹ́wàá sí ìdí irin, wọ́n sì ń yọ ọ̀kan kúrò lọ́dọọdún, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ka mẹ́fà mọ̀ pé 1974 ni.

Gbogbo èyí ni mo fi sáńpépà pa rẹ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Dúdú tí mo sì kà sí ẹ̀gbin, ààbò ni. Irin àtijọ́ tí kì í ṣe aláìlèdógùn-ún a máa ṣú bí ó bá ti ń fara kan omi ọsàn àti èso mìíràn, ṣíṣú náà kì í sì í jẹ́ kí ìdógùn-ún pupa tètè wọlé. Òróró díẹ̀ àti àkísà rírọ̀ ti tó o.

Nísinsin yìí, àwa mẹ́rin ni a máa ń pàdé bí ìdánwò ilé-ìwé bá ti parí. A ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, oníkálukú yóò sì kó tirẹ̀ kalẹ̀. A kì í fi ìka kan ojú irin, nítorí òógùn; a sì máa ń ká ọ̀bẹ kí a tó dá a padà fún oní-ǹkan. A ó ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí etí láti gbọ́ bí irin ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń dún, nítorí èyí tí ó bá dún ketekete ni irin ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì rọ. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé a kò gbọdọ̀ tọ́jú ọ̀bẹ sínú àpò awọ fún ìgbà pípẹ́, nítorí oògùn tí wọ́n fi ṣe awọ náà a máa jẹ irin. Ọ̀bẹ tí èèkù rẹ̀ bá jẹ́ ike àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní celluloid, ẹ yà á sọ́tọ̀. Bí ike náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, èéfín rẹ̀ a máa mú kí àwọn tí ó wà nítòsí rẹ̀ dógùn-ún. Níbẹ̀ náà ni mo ti gbọ́ pé ìdí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe irú ọ̀bẹ kékeré yìí ní ọ̀bẹ kálámù ni pé ìyẹ́ ẹyẹ tí wọ́n fi ń kọ̀wé ni wọ́n fi ń gé. Mo rántí gègé bàbá mi, n kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Àwọn ará òkèèrè ní àṣà kan tí ó wù mí. Ẹnì kan yóò fi ọ̀bẹ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ìyẹn yóò lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, yóò kọ ohun tí ó rí nínú rẹ̀, yóò sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ó kàn, títí yóò fi padà délé. Àwa náà ń ṣe é láàárín ara wa. Ìgbàgbọ́ wọn àtijọ́ kan wà tí n kò gbà ṣá, pé bí ènìyàn bá fi ọ̀bẹ ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ, yóò gé ìfẹ́ wọn, àfi bí ẹni tí ó gbà á bá fi owó wẹ́wẹ́ san án, kí ó dà bí pé rírà ni ó rà á. Nígbà tí ẹlẹgbẹ́ mi fún mi ní Opinel kan, ó na ọwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí n mú náírà márùn-ún wá. N kò san án. Ọdún kẹfà rèé, a ṣì jọ ń jẹun.

Ọ̀bẹ Faransé ni Opinel yìí. Joseph Opinel ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1890 ní agbègbè olókè Savoie. Igi ni èèkù rẹ̀, òrùka irin kan sì wà lọ́rùn rẹ̀ láti 1955, tí a ń yí kí ojú rẹ̀ má baà ká mọ́ wa níka. Nítorí òrùka yẹn gan-an, ẹni tí ó bá ń lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì kí ó fi í sílé: èyí tí òfin wọn gbà kí a máa mú kiri láìní ìdí pàtàkì ni èyí tí ń ká, tí kò ní ohun tí ń tì í pa, tí ẹnu rẹ̀ kò sì gùn ju íǹṣì mẹ́ta lọ. Ẹ má sì mú èyíkéyìí wọ inú ọkọ̀ òfuurufú.

Ní Sheffield fúnra rẹ̀, ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ yìí ti dínkù gan-an. Stan Shaw, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọmọdékùnrin, tí òun nìkan sì ń ṣe ọ̀bẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kú ní 2021 nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní 90. Ken Hawley ní tirẹ̀, oníṣòwò irinṣẹ́ ni. Ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún irinṣẹ́ àti ọ̀bẹ jọ kí ó tó kú ní 2014, wọn kò sì di ohun ìpamọ́ inú ilé. Wọ́n wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Kelham Island níbẹ̀, tí ará ìlú ń wò wọ́n.

Ọ̀bẹ bàbá mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó ti tún ń ṣú díẹ̀díẹ̀, nítorí ọmọ mi obìnrin ni ó fi ń bó ọsàn báyìí. Ẹ̀yin tí bàbá tàbí bàbá àgbà yín lo irú rẹ̀, bí ẹ bá rí ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ àpótí, tí èèkù rẹ̀ jẹ́ ìwo, tí bàbà kékeré kan tí ó dà bí asà sì wà lára rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ mú un wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa tí ń bọ̀, kí n ka ohun tí ó wà lókè E, L, D.