Fírídọ̀ọ̀mù Ọlọ́kadà Dà?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa tí wọ́n pa òwe yìí kò fìgbà kan sọ pé kí ènìyàn kó wọ inú iṣẹ́ láìkọ́ ọ. Ọmọ tí ó bá fẹ́ di télọ̀ yóò kọ́kọ́ gbá ilẹ̀ ìsọ̀, yóò jó ẹsẹ̀ ṣòkòtò, yóò ran bọ́tìnnì, kí ọ̀gá tó jẹ́ kí ó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ náà ni káfíńtà, bíríkìlà, onídìrí àti mẹ́káníìkì. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọdẹ, onílù àti babaláwo láti ayébáyé. Nígbà tí ọmọṣẹ́ bá sì mọ iṣẹ́ tán, ọ̀gá yóò gbàdúrà fún un, wọn yóò ṣe fírídọ̀ọ̀mù, wọn yóò se oúnjẹ, wọn yóò ya fọ́tò, ọmọṣẹ́ yóò sì gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kọ́ sí ara ògiri kí gbogbo ayé lè rí i.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi akẹ́kọ̀ọ́, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín: fírídọ̀ọ̀mù ọlọ́kadà dà? Ta ni nínú wa tí ó jẹ oúnjẹ rẹ̀ rí? Ta ni ó mọ ọ̀gá tí ó kọ́ ọlọ́kadà tí ó gbé e wá sí kíláàsì lónìí? Bí télọ̀ kò bá mọ iṣẹ́, aṣọ ni yóò bàjẹ́, a ó sì ra òmíràn. Bí onígbàjámọ̀ bá ṣi orí fá, irun yóò tún hù. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́kadà bá ṣi ọ̀nà gbà, ẹsẹ̀ tí a gé kì í hù, ẹ̀mí tí ó bọ́ kì í padà. Iṣẹ́ tí àṣìṣe inú rẹ̀ wọ́n jù lọ ni àwa fi sílẹ̀ láìní ọ̀gá, láìní ọmọṣẹ́, láìní ìdánwò. Èrò mi ni pé kí a sọ ọ̀kadà gígùn di iṣẹ́ tí à ń kọ́ bí a ti ń kọ́ iṣẹ́ yòókù, kí ó jẹ́ pé ẹni tí ó kọ́ ọ tí ó sì yege ni yóò gba ìwé àṣẹ. Bí a kò bá ṣe èyí, gbogbo òfin tí a bá ń ṣe lé ọlọ́kadà lórí, omi inú agbọ̀n ni.

Gbogbo wa ni a mọ bí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ní ìrọ̀lẹ́, lórí pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan, ọ̀rẹ́ yóò gbé ọ̀kadà fún ọ̀rẹ́. Yóò fi kíláàṣì hàn án, yóò fi jíà hàn án, yóò fi ibi tí à ń tẹ̀ kí ó dúró hàn án. Ẹni náà yóò yí pápá ká, yóò ṣubú lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, yóò gbọn eruku ara rẹ̀ nù. Nígbà tí yóò bá fi di ọjọ́ kẹrin, èrò ti wà lẹ́yìn rẹ̀: ìyá ọlọ́jà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò rẹ̀ kù díẹ̀ kí ó bẹ̀rẹ̀. Èmi kò dá ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Àwìn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi gba ọ̀kadà, owó tí wọn yóò san fún olówó lọ́sẹ̀ kò sì dúró de ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́. Àwọn tí ó ti jáde ní yunifásítì pàápàá wà nínú wọn. Ebi ni ó gbé wọn gun orí rẹ̀. Àwa tí a mọ̀ pé ebi ni, tí a kò sì ṣe ètò ẹ̀kọ́ fún wọn, ni ẹ̀bi náà bá.

Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ tí ọ̀kadà ń jẹ́ pàápàá. Ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ni Ọ̀kadà. Olóyè Gabriel Igbinedion fi orúkọ ìlú náà sọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí ó dá sílẹ̀ ní 1983, èyí tí ó kógbá wọlé ní 1997. Nígbà tí àwọn aráàlú rí alùpùpù tí ń gba àárín sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ kọjá bí ẹni tí ń fò, wọ́n fi orúkọ ọkọ̀ òfurufú náà dá a lápàárá, orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí. Àpárá ni, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀kọ́ nínú. Kò sí awakọ̀ òfurufú tí ó kọ́ iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní láti kọ́ ọ pẹ́, kí wọ́n dán an wò, kí wọ́n sì tún máa dán an wò lẹ́yìn tí ó ti gba ìwé àṣẹ. Orúkọ ni ọ̀kadà orí ilẹ̀ jogún, kò jogún ẹ̀kọ́.

Ẹlòmíràn lè ní, "Kí ni ó wà nínú ọ̀kadà gígùn tí a ní láti kọ́?" Ó pọ̀. Ẹ wo bíréèkì. Ọ̀kadà ní méjì: ti iwájú tí a ń fi ọwọ́ fún, àti ti ẹ̀yìn tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọlọ́kadà ni ó ń sá fún ti iwájú, wọ́n ní ó máa ń gbé ènìyàn ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ti iwájú yìí ni ó lágbára jù lọ láti dá a dúró, nítorí pé bí ọ̀kadà bá ti ń dúró, ìwúwo rẹ̀ àti ti àwọn tí ó wà lórí rẹ̀ yóò rọ́ síwájú, táyà iwájú yóò sì di ilẹ̀ mú ju ti ẹ̀yìn lọ. Fífún un lójijì ni ó ń gbé ènìyàn ṣubú, pàápàá lórí iyanrìn tàbí lórí ọ̀dà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Díẹ̀díẹ̀ ni à ń fún un, a ó sì fi ti ẹ̀yìn kún un. Ọgbọ́n yìí kì í bá ènìyàn wáyé, kíkọ́ ni à ń kọ́ ọ.

Ẹ wo eré sísá náà. Ọ̀kadà tí ó ń sá eré 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 17 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kí ojú tó rí ewúrẹ́, kí ọwọ́ tó dé bíréèkì, mítà 17 ti lọ. Bí eré náà bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí ọ̀kadà yóò rìn lẹ́yìn tí a bá ti tẹ bíréèkì kí ó tó dúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin, kì í ṣe ìlọ́po méjì. Mélòó nínú àwọn tí ń gbé wa ni ẹnì kan ti sọ èyí fún rí? Mélòó ni a ti fi hàn pé awakọ̀ tírélà kì í rí ẹni tí ó rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀? Yorùbá ní bí ẹṣin bá dá ni, à tún un gùn. Ẹṣin ni wọ́n sọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ọ̀kadà dá lórí ọ̀dà ni kò tún un gùn mọ́.

Kí ni ìjọba ti ṣe? Òfin ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí a ti rí. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, òfin ìrìnnà ti 2012 lé ọ̀kadà kúrò ní òpópónà 475. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2020, wọ́n tún lé e kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 àti àgbègbè ìdàgbàsókè 9. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022, wọ́n tún ṣe òfin mìíràn lórí ìjọba ìbílẹ̀ 6. Èmi kò sọ pé ìjọba kò ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan. Ní oṣù kẹjọ 2019, ilé-iṣẹ́ Gokada ní Èkó dá iṣẹ́ dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ó lè tún àwọn ọlọ́kadà rẹ̀ kọ́. Kò pé oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà tí òfin 2020 fi dé, ó sì gbá ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ àti ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ dànù pọ̀. Bí ẹ̀kọ́ kò bá gba ènìyàn lọ́wọ́ òfin, ta ni yóò fi owó rẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́?

Ìwé àṣẹ kò ṣàì sí nínú òfin wa. Ìwé ìwakọ̀ orílẹ̀-èdè yìí ní ìsọ̀rí tirẹ̀ fún alùpùpù. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń bi ọlọ́kadà ní oríta lárààárọ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì. Ó san ti ẹgbẹ́, ó san ti ìjọba ìbílẹ̀; bí ó bá ti san án, ọ̀nà ṣí. Ẹni tí ó bi í ní owó pọ̀, ẹni tí ó bi í ní ohun tí ó mọ̀ kò wọ́pọ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kejìlá 1990 ni wọ́n ti là á sílẹ̀ pé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gun alùpùpù kò gbọdọ̀ dá a gbé jáde sí títì kí ó tó gba ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Wọn yóò yẹ ojú rẹ̀ wò bóyá ó ríran. Wọn yóò kọ́ ọ ní gbangba tí ọkọ̀ kò gbà kọjá, lẹ́yìn náà ni olùkọ́ yóò tẹ̀lé e jáde sí títì fún wákàtí méjì ó kéré tán. Ìwé tí wọ́n fún un kò kọjá ọdún méjì. Bí kò bá tíì yege ìdánwò gidi nígbà náà, yóò tún un kọ́. Ọmọ Yorùbá tí ó bá dé Lọ́ńdọ̀nù tí ó sì fẹ́ máa fi alùpùpù gbé oúnjẹ kiri kò ní bọ́ nínú ètò yìí. Bí ó bá tọ́ fún un níbẹ̀, kí ló dé tí kò tọ́ fún àbúrò rẹ̀ ní Òṣogbo?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ọlọ́kadà kò ní owó ẹ̀kọ́. Kí a mú díẹ̀ nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì tí ó ń san lójoojúmọ́, kí a fi ṣe owó ẹ̀kọ́ náà. Àwọn kan yóò ní kò ní àyè. Kí ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ní wákàtí méjì-méjì ní ìrọ̀lẹ́, lórí pápá kan náà tí wọ́n ti ń kọ́ ara wọn. Àwọn kan yóò ní ta ni yóò kọ́ wọn. Nínú ẹgbẹ́ ọlọ́kadà kọ̀ọ̀kan ni àwọn àgbà wà tí wọ́n ti gùn ún fún ogún ọdún tí wọn kò ṣe ènìyàn léṣe. Kí àjọ ààbò ojú pópó kọ́ irú wọn ní bí a ti ń kọ́ni, kí a sì fi oyè ọ̀gá dá wọn lọ́lá. Lọ́jọ́ tí ọmọṣẹ́ bá yege, kí ẹgbẹ́ ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un ní ìta gbangba, kí a fún un ní ẹ̀wù tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára rẹ̀, bí a ti ń rí i lára àwọn ọlọ́kadà Kùtọnu. Èrò tí ó bá rí ẹ̀wù náà yóò mọ̀ pé ẹni yìí ní ọ̀gá.

Níbo ni tiwa wà nínú rẹ̀? Ẹ rántí pé kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ ojú pópó wọ inú yunifásítì. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1977, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, wà lára àwọn tí ó gbé e dìde. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá àjọ ààbò ojú pópó sílẹ̀ ní 1988, òun ni alága àkọ́kọ́. Onímọ̀ lítíréṣọ̀ ni. Kò ní ọ̀rọ̀ títì kò kan òun.

Iṣẹ́ tí ó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá sì wà. Ní oṣù kìíní 2009, nígbà tí àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí kò bá dé àṣíborí, àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá, àwọn kan dé ike ọ̀dà. Àwọn èrò kan kò gbà láti dé àṣíborí tí ẹlòmíràn ti dé, kí wọ́n má baà fi oògùn gba orí wọn. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí àwa rẹ́rìn-ín kí a sì kọjá. Ẹni tí ń bẹ̀rù pé wọ́n lè gba orí òun, ẹni tí ó mọ iyì orí ni. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó gbọ́ èdè àti ìgbàgbọ́ wa ni ó lọ bá a sọ̀rọ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìbá ti bẹ̀rẹ̀: "Ìwọ tí o ń bọ orí, kí ló dé tí o gbé orí náà lọ sí ojú títì ní ìhòòhò?" Lẹ́yìn náà ni ìbá wá sọ ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn gbé jáde ní 2008, pé àṣíborí ń dín ikú àwọn tí ìjàǹbá alùpùpù bá kù ní ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ìfarapa orí kù ní ìdá 69. Kí ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ní èdè tí ọlọ́kadà ń sọ, Yorùbá fún ọmọ Yorùbá, Hausa fún ọmọ Hausa. Kí ìdánwò rẹ̀ jẹ́ ti ẹnu àti ti ọwọ́, kí àìmọ̀wé má baà lé ẹni tí ó mọ ọ̀nà sẹ́yìn. Kí ẹgbẹ́ wa yìí fi ọ̀sẹ̀ kan nínú ìsinmi ọdọọdún ṣe é pẹ̀lú àwọn ọlọ́kadà ẹnu géètì wa. Àwa ni wọ́n ń gbé.

Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ni í bà. Ọlọ́kadà tí a kò kọ́ lónìí ni yóò gbé ìyá wa ti ọjà bọ̀ lọ́la. Kí àwọn tí ó ní àṣẹ ṣètò ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó ṣètò ìjìyà. Kí àwa tí a ní ìmọ̀ má ṣe fi mọ sí inú ìwé. Títí di ọjọ́ tí a ó fi pè wá sí ibi fírídọ̀ọ̀mù ọlọ́kadà, kí Ọlọ́run máa ṣọ́ orí wa ní títì. Àmín.